Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá oògùn ń mú ìfun rìn

Ní Ọjà Ọba l'Adó-Èkìtì, elewé ọmọ kì í ronú pẹ́ kó tó mú àsúnwọ̀n fún ẹni tí inú rẹ̀ dí. Pé ẹni náà yóò yàgbẹ́ kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tí àwọn tó ń ṣèwádìí oògùn ní àwọn yunifásítì Èkìtì àti níbòmíràn fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ewé bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ìfun gan-an. Ṣé ìfun ló mú rìn kíá, àbí omi ló fà sínú ìgbẹ́? Ìgbẹ́ tó rọ̀ kò tíì tó ẹ̀rí pé ìfun ń rìn.

Ìfun ní iṣan tirẹ̀. Iṣan yìí a máa fún pọ̀ ní ẹ̀yìn ibi tí oúnjẹ wà, a sì dẹ̀ níwájú rẹ̀, oúnjẹ á wá máa sún lọ. Ẹni tó bá ti rí alápatà tó fi ìka méjì há ìfun ewúrẹ́, tó ń fà á kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè jáde, ti rí bó ṣe rí.

Èédú ni wọ́n sábà máa ń fi wọn ìrìn yìí lára eku. Ìfun kì í fa èédú mọ́ra, dúdú rẹ̀ sì hàn kedere. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rí lára igi, kó má baà silẹ̀. Èédú gíráàmù 10 nínú mílílítà 100 wọ́pọ̀. Eku náà á ti gbààwẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24, omi nìkan ló ń mu, nítorí oúnjẹ àná lè dí èédú lọ́nà. Àwọ̀n irin ni wọ́n ń tẹ́ sísàlẹ̀ àgò. Eku a máa jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé inú rẹ̀ ti ṣófo.

Bó bá jẹ́ ewé ọjà ni wọ́n fẹ́ dán wò, onímọ̀ ewéko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé òun náà ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á pín àwọn eku sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan á gba omi tí wọ́n fi po oògùn, láìsí oògùn nínú rẹ̀. Òmíràn á gba oògùn tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń mú ìfun yára, bíi neostigmine tàbí metoclopramide. Àwọn yòókù á gba oògùn tuntun ní ìwọ̀n kékeré, àárín àti ńlá. Ó dára kí ọ̀wọ́ atropine náà wà, èyí tó ń dá ìfun dúró, kó lè hàn pé àyẹ̀wò náà mọ ìfàsẹ́yìn yàtọ̀ sí ìyára.

Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ rí rogodo gba ẹnu da èédú sínú ikùn. Nígbà tí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30 bá pé, wọ́n á pa eku náà lọ́nà tí kò ní jẹ̀rora. Wọ́n á yọ ìfun kékeré láti ibi tó ti kúrò lára àpòlúkù dé ibi tó ti wọ ìfun ńlá, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Bí ìfun bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tí èédú dé 70, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Wọ́n á fi wé ti àwọn tí kò gba oògùn. Ibí yìí ni ọwọ́ ènìyàn ti lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ìfun tútù a máa nà bí wọ́n bá fà á, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n mọ ọ̀wọ́ tí eku náà ti wá.

Síbẹ̀, ó níbi tí èédú kò dé. Ẹbí senna, ewé tí wọ́n ń fi ṣe oògùn ìyàgbẹ́, ni àsúnwọ̀n. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú senna kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí yóò fi dé ìfun ńlá, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò ti tú u palẹ̀. Lára ènìyàn, ó lè gbà tó wákàtí 6 sí 12. Ẹni tó bá fún eku ní àsúnwọ̀n, tó wọn ìfun kékeré lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó wá kọ ọ́ pé ewé náà kò ṣiṣẹ́, ti ṣi ìfun bi ní ìbéèrè. Ohun tó yẹ ni kó fi loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, dá inú eku dí, kó máa ka kóró ìgbẹ́ tó ń yà, kó sì wọ̀n wọ́n ní tútù àti ní gbígbẹ, kó lè mọ èyí tí í ṣe ìrìn ìfun yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe omi. Àwọn mìíràn a máa ki ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 3 sí ìdí eku, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú títí yóò fi jáde.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló nílò odindi ẹranko. Ní 1904, Rudolf Magnus ní ilẹ̀ Jámánì ṣàlàyé bí ìfun tí wọ́n gé kúrò lára ẹranko ṣe lè máa fún pọ̀ nínú omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Títí dòní, wọ́n ń so ègé ìfun ehoro tàbí ti guinea pig (ẹranko kékeré kan tó jọ eku) kọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ooru 37°C, afẹ́fẹ́ á máa hó nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa ya bó ṣe ń fún pọ̀. Bí oògùn bá mú un fún pọ̀, tí atropine sì dá a dúró, ọ̀nà acetylcholine, èròjà inú ara tó ń sọ fún iṣan ìfun pé kó fún pọ̀, ni oògùn náà ń gbà. Ẹranko kan máa ń fúnni ní ègé púpọ̀. Èyí bá ohun tí Russell àti Burch, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, béèrè fún ní 1959 mu: kí a fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a dín iye wọn kù, kí a sì dín ìrora wọn kù.

Yíyan ẹranko tó yẹ ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ara wa ní motilin, tó ń mú ikùn tó ti ṣófo fún pọ̀ láti gbá ara rẹ̀ mọ́. Eku kò ní in. Erythromycin, oògùn tó ń pa bakitéríà, ń mú ikùn ènìyàn rìn nítorí pé ó ń ṣe bíi motilin; ehoro àti ajá lè fi èyí hàn, eku kò lè fi í hàn. Eku kì í sì í bì, nítorí náà kò lè sọ bóyá èébì máa gbé ẹni tó bá lo oògùn náà.

Oògùn kan tó ń jẹ́ cisapride mú ìfun rìn dáadáa, àmọ́ ó da lílù ọkàn àwọn kan rú, àwọn kan sì kú, wọ́n wá gbà á kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 2000. Ọ̀nà tí ọkàn eku ń gbà sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì yàtọ̀ sí tiwa, kò sì lè fi irú ewu bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa. Ti guinea pig sún mọ́ tiwa. Nítorí náà, oògùn ìfun tuntun tó ti mú èédú sáré nínú eku ṣì ní láti kọjá lọ́dọ̀ ọkàn guinea pig tàbí ti ajá, kó tó dé ẹnu ènìyàn.