"Intro": ohun tí wọ́n ń bi àlejò láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà

Bí ẹ bá wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ lórí Discord, Slack tàbí Zulip, ẹ máa rí yàrá kan tí wọ́n sábà ń pè ní "introductions". Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí àlejò kọ́kọ́ yà. "Intro" ni àwọn ọ̀dọ́ gé e kúrú sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ tó hàn sí gbogbo wa ni pé kí ènìyàn sọ ẹni tí òun jẹ́. Àmọ́ bí Yorùbá bá ní kí àlejò sọ ẹni tó jẹ́, ọmọ ta ni ọ́ ni wọ́n ń béèrè: agboolé wo, ìlú wo, oríkì rẹ̀ bó bá mọ̀ ọ́n. Àwọn tí à ń sọ yìí kò béèrè ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni iṣẹ́ tó gbé yín débẹ̀, ibi tí ẹ bá iṣẹ́ náà dé, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín fi ọwọ́ kàn.

Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, "Good morning everyone" ni mo kọ, mo sì jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó di ọ̀sán, mo tún kọ "Please is anybody here?" Mo ń wo orúkọ àwọn ènìyàn rẹpẹtẹ lápá ọ̀tún, iná kékeré aláwọ̀ ewé ń tàn lára wọn pé wọ́n wà nílé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ mi. Inú bí mi gan-an. Ẹni tí ọmọ Yorùbá kí tí kò dáhùn, ìjà ló ń wá. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kò sẹ́ni tó rí mi fín. Èmi gan-an ni mi ò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni wọ́n ń pè ní "asynchronous". Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ de ẹnì kejì ni, tí onítọ̀hún á bá níbẹ̀ nígbà tí àyè bá gbà á. Ó yàtọ̀ sí ìpè fóònù, níbi tí etí méjèèjì ti wà lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí ayé ìgbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà láti gáréèjì. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ "Ẹ kú àárọ̀ o" nìkan sínú àpòòwé, kó fi rán ọkọ̀ Èkó, kó wá máa retí kí wọ́n fèsì ìkíni ná kó tó kọ lẹ́tà kejì pé owó ilé ìwé ló ku òun kù. Ìkíni wà níbẹ̀, "mo lérò pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá yín" wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó náà sì tẹ̀ lé e nínú ìwé kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ wà ní Òṣogbo, ẹ kọ "hello" ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ. Aago 1 òru ni ní San Francisco, ẹni tó mọ ìdáhùn ń sùn. Ó jí ní aago 8, ìyẹn aago 4 ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tiyín, ó sì fèsì pé "hi". Nígbà náà ẹ ti wà nínú ọkọ̀, tàbí wọ́n ti mú iná lọ tí fóònù sì ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ rí "hi" rẹ̀, lẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ béèrè gan-an. Ó ti padà sùn. Odidi ọjọ́ kan ti lọ lórí ìkíni. Ọ̀rọ̀ yìí sú àwọn kan débi tí wọ́n fi ṣe ojú-ìwé kan, nohello.net, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni láti bẹ aráyé pé kí wọ́n kí, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ń lò ó láti fi kan ènìyàn lábùkù, mi ò sì fara mọ́ ìyẹn. Ẹ máa kí wọn. Ẹ má kàn jẹ́ kí ìkíni dá wá.

Àpẹẹrẹ intro tí mo fẹ́ràn jù ti pẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, kọ̀wé sí àwọn tó ń lo Minix, sọ́fítíwíà tí Andrew Tanenbaum ṣe láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa operating system, ìyẹn ọ̀gá sọ́fítíwíà tó ń darí gbogbo ohun tó kù lórí kọ̀ǹpútà. Linus Torvalds lorúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìkíni rẹ̀ kò kún ìlà kan. Ó ní òun ń ṣe operating system ọ̀fẹ́ kan fún kọ̀ǹpútà 386. Iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ lásán ni, kò ní tóbi bíi ti GNU, àwọn tó ń kọ operating system ọ̀fẹ́ nígbà náà. Láti oṣù Kẹrin lòun ti ń po ó. Òun ti gbé bash 1.08 àti gcc 1.40, irinṣẹ́ GNU méjì, lé e lórí, ó sì jọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ó wá béèrè: kí lẹ fẹ́ràn nínú Minix, kí lẹ ò fẹ́ràn?

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ máàkì tó gbà nílé ìwé. Kò sọ pé òun jẹ́ "passionate", ọ̀rọ̀ tó kún inú intro àwọn ọmọ wa bí omi inú ẹ̀bà. Ó sọ ohun tó ń ṣe, ó sọ ibi tó bá a dé pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹlòmíì lè yẹ̀ wò, ó sọ ohun tí agbára rẹ̀ kò ká (ó ní ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́ pẹ̀lú hard disk mìíràn yàtọ̀ sí ti AT, irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, láéláé), ó sì béèrè ohun kan tó rọrùn láti dáhùn. Iṣẹ́ tó ní kò ní tóbi yẹn ni Linux, òun ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android.

Nǹkan mìíràn tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò ni pé ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún yẹn, ó ti béèrè ibi tí òun ti lè rí òfin POSIX kà, ìyẹn ìlànà tí operating system ń tẹ̀ lé kí sọ́fítíwíà kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí púpọ̀ nínú wọn. Ó ti ń ka ọ̀rọ̀ wọn, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. "Lurk" ni wọ́n ń pe ìyẹn: kí ènìyàn wà níbẹ̀, kó máa kà, kó má tíì sọ̀rọ̀. Etí gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ bí ẹni tó ń lúgọ, àmọ́ kò burú rárá láàárín wọn. Àlejò lójú, kò fi ríran; ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ẹ bá fi lurk ni ojú náà fi ń là.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀, ewu kan wà tí wọ́n fún lórúkọ: "XY problem". X ni ìṣòro yín gan-an. Y ni ọ̀nà tí ẹ rò pé ẹ lè gbà yanjú rẹ̀. Ẹ wá ń béèrè Y, ẹ kò mẹ́nu ba X. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń fún ni: ẹnì kan béèrè bí òun ṣe lè yọ lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ fáìlì. Wọ́n dá a lóhùn. Ó lọ, ó padà wá, kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ló jáde pé irú fáìlì tó jẹ́ ló fẹ́ mọ̀, ó sì rò pé gbogbo wọn ló ń parí sí lẹ́tà mẹ́ta bíi jpg. Html ńkọ́? Jpeg ńkọ́? Ó dà bí ẹni tó ń yá àkàsọ̀ káàkiri àdúgbò, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kọ́kọ́rọ́ ilé òun ló sọnù, bẹ́ẹ̀ onílé ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́. Torí náà ẹ sọ X. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ohun tí ẹ ti gbìyànjú, kí ẹ sì lẹ error náà bó ṣe wà, kóòdù gan-an, kì í ṣe fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tí wọn kò ní lè dà kọ. Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ bá wọn ṣe, ẹ wo ohun tí wọ́n lẹ "good first issue" mọ́ lára lórí GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ ń kó kóòdù wọn sí. Àwọn alábòójútó ló dìídì ya àwọn yẹn sọ́tọ̀ fún àlejò.

Ọ̀rọ̀ "sir" àti "ma" ni mo fẹ́ tún kàn. Ọmọ ọdún 19 kan láti Ìlọrin wọ ibẹ̀, ó rí ẹni tó ti ń kọ kóòdù kí wọ́n tó bí i, gbogbo ayé sì ń pe onítọ̀hún ní orúkọ lásán. Ó máa ń ṣòro. Ọ̀pọ̀ wa á bá kọ "Good day sir". Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí ẹ ń pè ní sir lè jẹ́ obìnrin tí "sir" ti sú. Èdè wa dùn lọ́nà yìí: "ó" tiwa kò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ orí nìkan ló kàn án, ìdí nìyẹn tí a fi ní "o" àti "ẹ". Tiwọn yí i padà. Ọjọ́ orí kò kàn wọ́n, àmọ́ ẹ máa rí i tí wọ́n kọ "he/him" tàbí "she/her" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í pè. Ẹ pè wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe àrífín, orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n pe àwọn nìyẹn.

Ní ti orúkọ tiyín, ìnagijẹ ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí password bọ́ sínú kóòdù tí ẹ lẹ̀. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kì í tètè parẹ́, a ṣì ń ka lẹ́tà Torvalds lónìí. Àwọn ibì kan wà ṣá tí orúkọ ti di ìbuwọ́lùwé. Láti ọdún 2004 ni ẹni tó bá fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Linux ti ní láti fi ìlà "Signed-off-by" parí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ímeèlì, láti fi jẹ́rìí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀. Ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ SCO gbé dìde lórí Linux lọ́dún 2003 ló fà á.

Mo ti ń sọ ọ́ bọ̀ bíi pé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń fi ènìyàn hàn níbẹ̀. Àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ gbọ́ ìtàn xz. Irinṣẹ́ kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè ni xz, ó sì wà lórí kọ̀ǹpútà Linux jákèjádò ayé. Lasse Collin ló ń bójú tó o, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀. Lọ́dún 2021, ẹnì kan tó ń jẹ́ "Jia Tan" dé. Àtúnṣe ló ń fi ránṣẹ́, iṣẹ́ náà sì dára. Lọ́dún 2022, àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé Collin ń falẹ̀, kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Díẹ̀díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ Jia Tan. Nígbà tó di oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2024, xz 5.6.0 àti 5.6.1 jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà nínú méjèèjì, tí ẹni tó kọ́ ọ lè gbà wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló ṣàkíyèsí pé wíwọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ti ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ó tọpa rẹ̀ dé inú xz, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni "Jia Tan" fi ṣe ọmọlúàbí.

Àwọn tó ń ṣe Debian, operating system ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n gbé ka orí Linux, ti ń béèrè ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ tipẹ́tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ian Murdock ló kéde Debian lọ́dún 1993, ó sì fi orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀, Debra, lẹ̀ mọ́ tirẹ̀ láti fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ di Debian Developer, wọ́n á bi í léèrè ohun tó gbà gbọ́ nípa sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, wọ́n á wo iṣẹ́ tó ti ṣe, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ilé á sì ní láti jáde wá ṣe onídùúró fún un. Kò parí síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ GPG, ìyẹn ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà, kí àwọn ará ilé sì ti fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ náà. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n sábà máa ń pàdé lójúkojú. Wọ́n á mú ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ jáde, wọ́n á wo fọ́tò, wọ́n á wo ojú, wọ́n á wá fi lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 tó dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀ wéra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé ọdọọdún wọn, DebConf, ni ọ̀pọ̀ ti ń rí àyè ṣe é. Cape Town ni wọ́n ṣe ti ọdún 2016 sí. Àwọn tó ti jọ ń fi kóòdù ránṣẹ́ síra wọn láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin á na ọwọ́ síra wọn, ọ̀kan á wo káàdì, á tún wojú, á ní, "Háà, ìwọ rèé?"