Ayàwòrán Kì í Ka Ìwà Lójú Èèyàn

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ya àwòrán èèyàn nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìbáà jẹ́ lọ́jà Kàbà tàbí níbi ìnáwó ní Ìsánlú, mo mọ ohun tí àwọn tó yí ayàwòrán ká máa sọ: "Ẹ wò ó, ó ti rí ìwà ẹ̀ lójú ẹ̀!" Wọ́n gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá lórí pẹ́ńsùlù lè wo imú, iwájú orí àti ètè, kó sì mọ irú ẹni tó jókòó síwájú òun. Iwájú orí gbòòrò, olóye ni. Ètè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò lè pa àṣírí mọ́. Ojú tó wọnú, òǹrorò. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí ó ń yin ayàwòrán fún ohun tí kò ṣe, ó sì ń fojú fo iṣẹ́ tó ṣe gan-an.

Kì í ṣe àwa nìkan la gbà bẹ́ẹ̀. Johann Kaspar Lavater, àlùfáà kan ní Zürich, tẹ ìwé ńláńlá jáde lé e lórí láàárín 1775 sí 1778. Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Beagle, gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́ débi pé díẹ̀ ló kù kó kọ̀ láti mú Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè, lọ sí ìrìn àjò ní 1831, torí imú rẹ̀. Ó rò pé onírú imú bẹ́ẹ̀ kò lè ní okun àti ìpinnu tí ìrìn àjò náà ń fẹ́. Darwin fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀. Ìrìn àjò yẹn gbà tó ọdún 5, Darwin sì bá wọn parí rẹ̀.

Ibi tó ti ń le ni ẹ̀rí tí àwọn èèyàn fojú ara wọn rí. Ká ní ọmọkùnrin kan fi bírò fa ìlà díẹ̀ wéréwéré, ó ya alága gáràjì: ikùn síwájú, ọwọ́ lẹ́yìn, àgbọ̀n lókè. Gbogbo gáràjì á pariwo orúkọ alága, wọ́n á ní, "Agídí ẹ̀ rèé!" Wọ́n á wá bi mí pé, bí ìwà kò bá sí nínú àwòrán, níbo làwọn ti rí agídí?

Ẹ̀yin lẹ mú un wá. Ẹ ti mọ bàbá náà tipẹ́, ẹ ti bá a jà lórí owó ọkọ̀, ẹ mọ bó ṣe ń dáhùn. Bí ẹ ṣe dá a mọ̀ báyìí, gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ bá a dé. Ẹ mú bébà kan náà lọ fún ẹni tí kò rí i rí, ní Lọ́kọ́ja, kẹ́ ẹ má dárúkọ, kẹ́ ẹ ní kó sọ ìwà ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan lè ní agbéraga ni, òmíràn lè ní ẹ̀yìn ló ń dun bàbá, ẹlòmíràn lè ní ọkọ̀ ló ń dúró dè. Dídá èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí kíka ìwà rẹ̀, a ò sì ní kúrò lójú kan bí a bá ń pa méjèèjì pọ̀.

Òótọ́ ni pé a máa ń ronú pé a ti mọ ìwà àlejò lójú ẹsẹ̀. Ní 2006, Janine Willis àti Alexander Todorov, olùṣèwádìí méjì ní Yunifásítì Princeton, rí i pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó fún èèyàn láti pinnu bóyá ojú tí kò rí rí ṣeé fọkàn tán. Ìpinnu náà sì sún mọ́ ti àwọn tó wò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n pé èrò wa tètè dé, tó sì jọra, kò sọ ọ́ di òótọ́.

Kí wá ni ìlà wéréwéré náà mú? Ìdúró àti ìrìn ni. Ní 1977, olùṣèwádìí méjì, James Cutting àti Lynn Kozlowski, fi hàn pé èèyàn lè dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀, ju kó kàn méfò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kìkì àmì tó ń tàn lára oríkèé rẹ̀ ló hàn bó ṣe ń rìn. Ẹni tó bá ti rí ará oko tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù mọ̀ bẹ́ẹ̀: a ti pe orúkọ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó hàn. Ayàwòrán tó ń fi pẹ́ńsùlù ya irun lọ́kọ̀ọ̀kan máa ń sọ èyí nù, torí kò sẹ́ni tó lè di ìṣesí rẹ̀ mú fún wákàtí kan lórí àga.

Rodolphe Töpffer, ará Geneva tó ń fi àwòrán pìtàn, ti kọ ọ́ ní 1845 pé àwọn àmì tí kì í yí padà lójú, bí imú àti iwájú orí, kò ṣeé gbára lé fún mímọ ìwà. Àwọn tó ń yí padà, bí ẹ̀rín àti ẹkún, ló ṣeé gbára lé fún ohun tó ń ṣe èèyàn lásìkò náà. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wí, ojú tó ń yí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ.

Kí ayàwòrán pàápàá ṣọ́ra. Ilà àwọn àgbà Yàgbà máa ń para pọ̀ sí igun ẹnu. Bí a bá sáré fà á, ó lè so mọ́ ìlà ẹnu, kí bàbá oníwà tútù wá dà bí ẹni tó fajú ro. Ibi tó ti wá ni ilà yẹn ń sọ.

Mi ò sọ pé ojú kò sọ nǹkan kan rárá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rín tàbí ìbínú ọlọ́dún gbọọrọ fi àmì sílẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ oòrùn oko ló fà á. Èmi ò lè fi àwòrán nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn kan ń wo fótò kí wọ́n tó gba ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ayálégbé, wọ́n ní ojú ẹ̀ kò dáa. Ẹ má ṣe é. Ẹ má sì gba ti ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ orí fóònù òun lè ti ojú sọ ìwà, àgàgà bó bá ń gbowó. Ẹ bi ẹni tó ti bá ẹni tí ẹ fẹ́ gbà gbé rí léèrè.