Tìmùtìmù Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lára Ìdí Ìbọn: Kí Ló Wà Fún?

Lára ìbọn àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà àtàwọn tó ń fi ìbọn yíyìn ṣeré ìdárayá, ẹ ó máa rí awọ tàbí fóòmù kan tí wọ́n dè mọ́ orí igi ìdí ìbọn. Tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kí igi má baà máa dun ẹni tó ń yìnbọn lẹ́rẹ̀kẹ́ ni. Ìyẹn wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ojú gan-an ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ìbọn tí kò ní awò, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n ń gbé lé ìbọn láti fi wo ohun tó jìnnà, irin kékeré iwájú àti tẹ̀yìn lèèyàn ń wò kí wọ́n bá ara wọn dọ́gba kó tó yìn ín. Irin yìí kò ga, torí náà wọ́n gbẹ́ igi ìdí ìbọn níwọ̀n tó jẹ́ pé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti kàn án, ojú ti bá irin ṣe déédéé. Ìgbà tí wọ́n wá gbé awò lé e lórí, tó ga ju irin lọ, ni wàhálà dé. Kí ojú tó lè bá awò, èèyàn ní láti gbé orí sókè, àgbọ̀n nìkan ló máa kù lára igi. Ọrùn á máa ro ó, orí ò sì ní dúró sójú kan. Bí ojú bá yẹ̀ díẹ̀, òjìji dúdú á bo etí awò lápá kan, àmì inú awò sì lè dà bíi pé ó ń rìn lórí ohun tí à ń wò, bẹ́ẹ̀ ìbọn ò sún rárá. (Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ò mọ ìyọnu yìí, kò ní awò.)

Ó pẹ́ tí àwọn ológun ti ń wá nǹkan ṣe sí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òkè ni wọ́n ti ń ki ọta sínú ìbọn M1 Garand ti Amẹ́ríkà, awò ò sì gbọ́dọ̀ dí ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n gbé e sí lára M1C àti M1D, ìyẹn oríṣi Garand tó ní awò, wọ́n wá fi okùn so tìmùtìmù aláwọ mọ́ igi rẹ̀ kí ojú lè sún sí òsì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fi síkúrù kan pákó mọ́ ìdí ìbọn wọn, Lee-Enfield No. 4 (T).

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, kó tó wá awọ kiri, kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe yẹ kó ga tó. Kó yọ gbogbo ọta, kó yẹ ihò ọta wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kọjú ìbọn síbi tí kò séèyàn. Kó wá dijú, kó gbé ìbọn lé èjìká, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi bó ṣe tù ú lára, kó tó lajú. Bó bá jẹ́ ìdajì awò ló rí, kó fi fóòmù pẹlẹbẹ kan lé igi, kó fi téèpù dè é, kó tún dijú. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi kún un títí awò á fi mọ́ roboto láìjẹ́ pé ó na ọrùn. Kí ojú sì jìnnà sí awò ní bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, torí bí ìbọn bá tapa, etí awò lè bu èèyàn jẹ nípéǹpéjú.

Fóòmù ibùsùn kò dáa. Ó máa ń rì, gíga tí a fara balẹ̀ wọ̀n á sì bàjẹ́. Èyí tó le díẹ̀, irú tẹni pẹlẹbẹ tí wọ́n ń sùn lé nínú àgọ́, ló yẹ. Kí wọ́n fi awọ bò ó, kí wọ́n lu ihò sí etí rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi okùn fà á pọ̀ lábẹ́ igi. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ni irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé: bí tìmùtìmù bá gùn síwájú jù, irin yẹn á máa kọlù ú, tàbí kó má ṣeé yọ láti nù mọ́. Kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò.

Bí èèyàn méjì bá jọ ń lo ìbọn kan, okùn sàn ju gọ́ọ̀mù lọ, torí ó ṣeé tú. Ibi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà sí ojú ò dọ́gba lára wa, gíga tó bá ẹ̀gbọ́n mu lè bo àbúrò lójú.