Bí fọ́tò dúdú-àti-funfun bá ń yọ àwọ̀ tí ẹ kò fi sí i

Ẹ tẹ fọ́tò dúdú-àti-funfun, àmọ́ ibi tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ eérú ń yọ àwọ̀ ewé, tàbí kó máa pọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré lọ yí àwọ̀ fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe sùúrù ná.

Ọ̀pọ̀ pírńtà kì í fi íǹkì dúdú nìkan ṣe eérú. Wọ́n máa ń po cyan (búlúù tó fara jọ ewé), magenta (pupa tó fara jọ àlùkò) àti yellow (àwọ̀ ìyeyè) mọ́ ọn. Bí ọ̀kan bá dín díẹ̀, fọ́tò aláwọ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀. Eérú kì í bo nǹkan kan.

Nozzle check, ìyẹn ìlà tí pírńtà ń tẹ̀ láti fi hàn bóyá ihò íǹkì là, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Ibi tí ìlà bá ti já, ihò íǹkì ibẹ̀ ló dí. Àwọ̀ tó ń yọ gan-an máa ń tú àṣírí: bí magenta bá dí, eérú á yọ àwọ̀ ewé, bí cyan bá dí, á pọ́n, bí ó bá jẹ́ yellow, á yọ búlúù. Ìlà yellow ṣòro rí lórí pépà funfun, nítorí náà ẹ tan iná búlúù sí i, á sì dúdú kedere. Ẹ fọ orí pírńtà, ìyẹn ibi tí àwọn ihò íǹkì wà, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì là, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí íǹkì tó ti gbẹ sẹ́nu ihò lè rọ̀. Fífọ̀ ọ́ léraléra, íǹkì lẹ fi ń ṣòfò.

Bí gbogbo ìlà bá pé, ó kan irú pépà tí ẹ yàn. Íǹkì dúdú tí wọ́n ń pè ní Photo Black ni ti pépà tó ń dán, Matte Black ni ti èyí tí kò dán. Bí ẹ bá ṣì í yàn, dúdú á ṣàárẹ̀ lórí pépà tí kò dán, tàbí kí íǹkì máa ra mọ́ yín lọ́wọ́ lórí èyí tó ń dán.

Ìjàǹbá tó wọ́pọ̀ ni kí ọ̀gá méjì máa darí àwọ̀. Bí ẹ bá lo ICC profile (fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí pírńtà àti pépà kan) nínú ètò tí ẹ fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ pa ìdarí àwọ̀ ti pírńtà. Bí pírńtà yín bá ní ètò dúdú-àti-funfun tirẹ̀, tó sì ní íǹkì eérú, èmi á ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ àpótí eérú 21 sórí pépà kan, láti 0 (funfun) dé 100 (dúdú), kí ìkọ̀ọ̀kan fi 5 ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, torí íǹkì tútù máa ń purọ́. Ẹ wò ó lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún wò ó lábẹ́ gílóòbù. Bó bá dáa lẹ́bàá fèrèsé, tó wá ń pọ́n lábẹ́ iná nìkan, iná yẹn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Bí 90, 95 àti 100 bá lẹ̀ pọ̀ di dúdú kan ṣoṣo, íǹkì ti pọ̀ jù fún pépà náà.

Bí àwọ̀ bá ṣì ń yọ níbi gbogbo, ó tó àsìkò láti wá yí àwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn pépà tí ẹ fi dán an wò.