Bí Òwò Àjàpá Ṣe Di Ọ̀nà Ìwádìí fún Mary Kingsley

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àṣà ìlú tí kò ní ojúlùmọ̀ kankan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìdí kan tí àwọn ará ìlú náà lè gbà gbọ́ pé ó torí rẹ̀ wá. Ajíyìnrere, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí oníṣòwò ni òyìnbó tí ó bá wọ igbó Gàbọ̀n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sábà máa ń jẹ́. Mary Kingsley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1862, tí ó jẹ́ pé ìwé inú ilé bàbá rẹ̀ ni ó fi kọ́ ara rẹ̀, yan òwò. Àwọn òbí rẹ̀ kú ní 1892; ní 1893, ó ti wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Hatton and Cookson ti Liverpool ní ìsọ̀ létí omi nígbà náà. Wọn a kó aṣọ, ewé tábà àti ìwọ̀ ẹja fún àwọn alájàpá ọmọ ilẹ̀ náà láwìn, àwọn wọ̀nyí a gbé e wọ inú igbó, wọn a sì fi rọ́bà àti eyín erin san gbèsè nígbà tí wọ́n bá padà dé. Ètò yìí ni Kingsley bọ́ sí. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1897, Travels in West Africa, ó sọ pé àwọn tí kò rí irú òun rí a kọ́kọ́ rò pé ẹ̀mí àìrí ni òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ti ń ná ọjà pẹ̀lú wọn, wọn a mọ̀ pé ènìyàn tí ó ní làákàyè ni òun. Ìdúnàádúrà kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdílé, àna, òkú àti òrìṣà ti ń yọ. Ọjà náà ni ó ń pèsè oúnjẹ àti ibùsùn fún un. Nígbà tí ọjà tán, ó ta àwọn búláòsì ara rẹ̀ fún àwọn Fang, ẹ̀yà kan tí ń gbé inú igbó Gàbọ̀n.

Ní 1895, ó gba inú igbó láti odò Ogooué lọ sí odò Rembwé. Àdéhùn òun àti àwọn Fang tí ó mú un lọ ni pé ìsọ̀ Hatton and Cookson tí ó wà létí Rembwé ni wọn yóò ti gba owó iṣẹ́ wọn ní ọjà. Ọgbọ́n ńlá ni: ẹni tí owó ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú, láàyè ni à ń mú un dé iwájú. Ọ̀nà náà ni ó ti jìn sí ọ̀fìn tí igi ṣóńṣó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ó nípọn sì gbà á là. Ìtàn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn orí tí ó kọ lórí ẹ̀sìn ni ó yẹ kí wọ́n kà. Ó ní ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí nípa ẹ̀mí ní ìlànà tí ó mọ́gbọ́n dání, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìlànà náà kò lè lóye òfin wọn tàbí ìgbéyàwó wọn.

Ọ̀nà ìwádìí yìí ní àbùkù tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣòwò etíkun ni ó fi ń bèèrè ọ̀rọ̀, ohun tí ó bá sì kọjá èdè ọjà kì í dé etí rẹ̀ tán. Ẹni tí ó ń jẹun nídìí òwò a sì máa gbè sẹ́yìn oníṣòwò: ó gbèjà títa ọtí líle, tí àwọn ajíyìnrere ń bá jà. Síbẹ̀, òye òfin ohun-ìní tí ó ní ni ó fi tako owó orí ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bù lé àwọn ará Sierra Leone, èyí tí ó dá ogun sílẹ̀ ní 1898; ó ṣàlàyé pé, lójú àwọn ọmọ Áfíríkà, ohun tí ènìyàn bá ń san owó lé lórí déédéé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Kò sọ pé kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn kúrò. Ohun tí ó dábàá ní 1899 ni pé kí ìgbìmọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò Liverpool, Manchester àti London bá lọ́wọ́ sí yíyàn rẹ̀ máa ṣe àkóso, àbá tí ìjọba kò tẹ̀ lé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1900, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa á ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn Boer, àwọn òyìnbó Gúúsù Áfíríkà tí ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, tí wọ́n kó lójú ogun.