Bí Ìwádìí Àwọn Ọ̀mọ̀wé Ṣe Wọ Àgọ́ Ọlọ́pàá

Láti 1829 tí Robert Peel ti dá ọlọ́pàá ìlú Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà láìjanpata pé bí ọlọ́pàá bá ń rìn káàkiri ìgboro nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, olè kò ní gbójú. Nígbà tí mọ́tò dé, ìgbàgbọ́ náà kò yí padà, táyà kàn rọ́pò bàtà ni. Ní Amẹ́ríkà, August Vollmer, tó di ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Berkeley ní 1909, gbà pé ó yẹ kí ọlọ́pàá kàwé, ó sì bá yunifásítì tó wà ní ìlú náà ṣètò ẹ̀kọ́ fún wọn ní 1916. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí ìwádìí ṣe wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ni Vollmer rán lọ sílé ẹ̀kọ́. Kí ọ̀mọ̀wé wá sí òpópónà, kí ó dán iṣẹ́ ọlọ́pàá gan-an wò láti mọ̀ bóyá ó ń so èso, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní tèmi, ìlú Kansas City ní ìpínlẹ̀ Missouri ni èyí ti fìdí múlẹ̀.

Ní 1970, Ford Foundation ya mílíọ̀nù 30 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Police Foundation sílẹ̀, kí ó lè máa ṣe agbátẹrù àwọn ọlọ́pàá tó bá fẹ́ dán ọ̀nà tuntun wò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́pàá ẹ̀ka gúúsù Kansas City, ti kékeré ti ọ̀gá, jókòó láti ronú lórí ohun tó ń yọ àgbègbè wọn lẹ́nu jù. Wọ́n ka olè tó ń fọ́lé, wọ́n ka àwọn ọ̀dọ́ tó ń rú òfin, wọ́n ka ẹ̀rù tó ń ba ará ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ohun tí wọn yóò ṣe sí i, ẹnu wọn kò kò: àwọn kan ní àfi kí ọkọ̀ ọlọ́pàá túbọ̀ máa yí ìgboro ká, àwọn mìíràn ní kò dá àwọn lójú pé yíyí ká náà ń dí olè lọ́wọ́ rárá. Inú àríyànjiyàn yìí ni àdánwò náà ti jáde. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà fúnra wọn ni ìbéèrè náà ti ẹnu wọn wá, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kan.

George Kelling ló ṣáájú àwọn olùwádìí. Wọ́n mú agbègbè 15, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní márùn-ún, ọkọ̀ ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ wọlé àfi bí ẹnìkan bá pè wọ́n. Ní márùn-ún, wọ́n sọ iye ọkọ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ní márùn-ún tó kù, wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ bí ó ti wà. Oṣù Keje 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju oṣù kan lọ tí ó ti hàn pé àwọn ọlọ́pàá kò pa ààlà náà mọ́, ó sì di dandan kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ó sì gba ọdún kan gbáko. Àbájáde tó jáde ní 1974 ni pé kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: olè kò pọ̀ sí i, kò dín kù, ẹ̀rù ará ìlú náà wà bí ó ti wà. Ọ̀pọ̀ nínú ará àdúgbò kò tilẹ̀ fura pé nǹkan kan yí padà. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá kò dùn sí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn sì tọ́ka sí i, lọ́nà ẹ̀tọ́, pé ọkọ̀ tó ń wọlé láti dáhùn ìpè kò ṣàì hàn sí olè.

Ìdánwò kejì tó mi ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà kan náà, ní 1981 sí 1982. Àwọn olùwádìí méjì, Lawrence Sherman àti Richard Berk, fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ọlọ́pàá ṣe bí wọ́n bá pè é síbi tí ẹnìkan ti na aya tàbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀: kí ó mú un, kí ó gbà á nímọ̀ràn, tàbí kí ó lé e jáde nílé fún wákàtí mélòó kan. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín in. Àwọ̀ ìwé tó bá wà lókè ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá náà ni yóò sọ èyí tí yóò ṣe. Nínú ẹjọ́ 314, àwọn tí wọ́n mú ni kò fi bẹ́ẹ̀ padà sí ìwà náà láàárín oṣù mẹ́fà. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì sọ mímú di òfin. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún un ṣe ní Omaha, ní Charlotte, ní Milwaukee àti níbòmíràn, ọ̀rọ̀ sì dojú rú: ní Milwaukee, mímú tilẹ̀ ń mú kí ìwà náà burú sí i lọ́wọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Sherman fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí ti Milwaukee tó já ti àkọ́kọ́ rẹ̀ ní koro.

Ní 1989, Sherman tún fi hàn pé nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ojúlé Minneapolis ni ìdajì gbogbo ìpè sí ọlọ́pàá ti ń wá, èyí tó sọ ọ́ di mímọ̀ pé ibi tí a bá rán ọlọ́pàá sí lè ṣe pàtàkì ju iye ọkọ̀ lọ. Ní 1998 ló wá fún gbogbo iṣẹ́ yìí lórúkọ, iṣẹ́ ọlọ́pàá tó dúró lórí ẹ̀rí. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ló ti yá orúkọ náà lò. Àwọn ọlọ́pàá ní Ìlú Ọba dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ yìí ní 2010, ti Ọsirélíà, Kánádà àti Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e.

Ní Íńdíà, àwọn olùwádìí, tí Abhijit Banerjee àti Esther Duflo wà lára wọn, bá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Rajasthan ṣiṣẹ́ ní àgọ́ 162. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún àwọn ọlọ́pàá so èso, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ní kí wọ́n máa fún wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn ọ̀gá àgọ́ ló wà, wọn kò sì gbà á mọ́ra. Irú rẹ̀ náà hàn ní 2021, nígbà tí ìwádìí kan tó kárí Bràsíìlì, Kòlóńbíà, Làìbéríà, Pakísítánì, Filipínì àti Ùgáńdà jáde lórí bí ọlọ́pàá ṣe lè sún mọ́ ará àdúgbò. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò pọ̀ sí i, ìwà ọ̀daràn kò sì dín kù. Lára ohun tí àwọn olùwádìí náà kà sí ìdí ni pé owó àti irinṣẹ́ kò tó, àti pé wọ́n a máa gbé ọ̀gá ọlọ́pàá tó fọwọ́ sí àdánwò náà lọ síbòmíràn kí ó tó parí.