Àárín ìrora méjì ni ilé ọmọ ti ń jẹun

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ìrora obìnrin tó ń rọbí bá dáwọ́ dúró díẹ̀, àkókò ló ń ṣòfò. Èrò yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ aláboyún, torí àárín ìrora méjì gan-an ni iṣan ilé ọmọ ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Gbogbo iṣan ló ń fi ATP ṣiṣẹ́, ìyẹn èròjà tó ń gbé agbára fún iṣẹ́ inú ara. Ti ilé ọmọ le díẹ̀, torí pé inú ẹran iṣan náà ni òpójẹ̀ tó ń gbé ṣúgà àti ọ́síjìn wá fún un gbà kọjá. Tí iṣan bá ti fún pọ̀, èyí tí ìyá ń mọ̀ sí ìrora, ó fún òpójẹ̀ pa nìyẹn. Bíi jẹnẹrétọ̀ tó ń tẹ páìpù epo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́: ìwọ̀nba tó wà nínú kábúrétọ̀ ló máa jó títí tí yóò fi gbẹ́sẹ̀ kúrò. Kábúrétọ̀ ilé ọmọ ni phosphocreatine, èròjà kan tó ń tètè dá ATP padà, àti gláíkójìn, ìyẹn ṣúgà tí iṣan ti kó pamọ́ láti ìgbà oyún. Gláíkójìn lè jó láìsí ọ́síjìn, àmọ́ ásíìdì ló ń fi sílẹ̀.

Bí ìrọbí bá ti wọra, ìrora kan máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, ó sì máa ń wá lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú 10. Ọ́síjìn á lọ sílẹ̀, ásíìdì á gòkè. Iṣan á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, á gbá ásíìdì lọ. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Liverpool fi hàn pé bí ọ́síjìn bá ń dín fúngbà díẹ̀ tó sì ń padà, léraléra, ìfúnpọ̀ tó ń tẹ̀ lé e máa ń le sí i. Ọgbọ́n ńlá ni pé ebi ráńpẹ́ ló ń fún un lágbára.

Ó ń bàjẹ́ tí ìsinmi bá kéré jù, pàápàá tí dírípù oxytocin, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀, bá ń sáré. Ásíìdì tí kò ráyè jáde á dí kálísíọ̀mù lọ́nà, kálísíọ̀mù ló sì ń pàṣẹ kí iṣan fún pọ̀. Ìrora á rọ, ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á tún fi oògùn kún un, ọmọ inú náà á sì máa ṣàìrí ọ́síjìn tó. Nítorí náà ni agbẹ̀bí fi ń gbọ́wọ́ lé ikùn, tó ń ka ìrora fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Bó bá ju márùn-ún lọ, á dín dírípù kù tàbí kó dá a dúró, á sì yí ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì.

Lẹ́yìn tí ibi ọmọ bá já, fífún òpójẹ̀ pa yìí kan náà ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Iṣan tí ìrọbí pípẹ́ ti tán lókun kì í lè fún un dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún ìyá ní oxytocin yúnìtì 10 ní kété tí ọmọ bá délẹ̀.